Àfòmọ́ Búráúsà àti Ìgbéga Kọ̀ǹpútà: Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Níbẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìṣòro tí ó máa ń dìde nígbà tí wọ́n bá gbé ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ga, tí àwọn ohun kéékèèké tí ó máa ń bá búráúsà ṣiṣẹ́ kò sì jẹ́ ìpè mọ́. Búráúsà ni ètò tí a fi ń ṣí ojú-ewé ayélujára. Chrome, Firefox àti Edge wà nínú wọn. Ètò ìpìlẹ̀ ni èyí tí ó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí gbogbo ètò yòókù sì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Windows ni èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé-ìwé wa. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan béèrè pé kí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìwé àwọn olùkọ́ èdè. Ìdáhùn wa ni pé púpọ̀ nínú ohun èlò ìkọ́ni tí a fi òógùn ojú wa ṣe ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí báyìí, àti pé bí a kò bá mọ ìdí tí wọn kò fi ṣí mọ́, ọwọ́ ara wa ni a ó fi kó wọn dànù.

Bí àpẹẹrẹ, ní ọdún 2011, èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn lọ gba ohùn àwọn àgbà kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀ka-èdè àti ewì alohùn. Bàbá ọdẹ kan sun ìjálá fún wa. Ìyá àgbà kan fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéyàwó nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ náà bá wa to gbogbo rẹ̀ sí ojú-ewé mẹ́rìnlélógún, tí ó fi jẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ àwòrán, ohùn yóò jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yóò sì máa hàn pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Flash ni ó fi ṣe é, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá ni a fi lo ẹ̀kọ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí a kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2022, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lórí Windows 7 bọ́ sí Windows 10. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ọmọ JSS 2 wọlé, àpótí aláwọ̀ eérú kan báyìí ni a bá níbi tí ohùn bàbá ọdẹ ti máa ń jáde. Ẹni tí ó ṣe ìgbéga náà wá wò ó, ó ní fáìlì wa ti bà jẹ́, kí a lọ gba òmíràn sílẹ̀. Bàbá náà ti kú láti ọdún 2016. Ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn rẹ̀ sì ti bà jẹ́ kí ó tó kú.

Fáìlì náà kò bà jẹ́ rárá. Bí ẹnì kan bá sọ awò ojú rẹ̀ nù, a kì í tìtorí ìyẹn sọ pé ìwé tí ó ń kà ti ya. Ohun tí búráúsà fi ń ka ẹ̀kọ́ wa ni ó sọnù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì yìí ni a fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ yìí di mú, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún, tí wọ́n sì ti pa fáìlì rere rẹ́.

Orúkọ tí a ó máa pè é

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a ń sọ yìí ní plugin. A ti gbọ́ tí àwọn kan pè é ní àfikún, tí àwọn mìíràn sì pè é ní àfibọ̀. Àfòmọ́ ni àwa yàn nínú iṣẹ́ yìí, ìdí wa sì ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwa olùkọ́ gírámà tẹ́lẹ̀. Àfòmọ́ inú oko ni ewéko tí ó máa ń hù sí ara igi mìíràn, tí ó sì ń jẹ lára igi náà. Àfòmọ́ inú gírámà ni mọ́fíìmù tí kò lè dá dúró, tí ó gbọ́dọ̀ so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó tó ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bákan náà ni ti búráúsà rí: a kò lè ṣí àfòmọ́ rẹ̀ lásán kí a sì rí nǹkan kan; inú búráúsà ni a ti máa ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Gírámà tún ràn wá lọ́wọ́ síwájú sí i. Ẹ wo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oní-. Bí ó bá so mọ́ ìgbàgbọ́, a ní onígbàgbọ́; bí ó bá so mọ́ aṣọ, a ní aláṣọ; epo sọ ọ́ di elépo, ọkọ̀ sọ ọ́ di ọlọ́kọ̀. Ìrísí rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́, àwa tí a ń sọ èdè náà kò sì ní láti ronú kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àfòmọ́ búráúsà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìrísí kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ṣe é fún un, ó sì ṣe é fún irú búráúsà kan lórí irú ètò ìpìlẹ̀ kan. Bí a bá pààrọ̀ ohun tí ó so mọ́, kò ní di al- tàbí el-. Yóò kàn já bọ́ ni. Òwe wa tí ó sọ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan, bá àfòmọ́ orí kọ̀ǹpútà mu ní apá kìn-ín-ní nìkan. Kò légbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni í bá tan.

Ọ̀rọ̀ náà àfikún, ohun mìíràn ni a fi pa mọ́ fún, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní extension. Àfòmọ́ jẹ́ odindi ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí búráúsà kàn yá ní àyè díẹ̀ lójú-ewé. Àfikún ni a fi irú èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé ayélujára kọ, búráúsà ni ó sì ń ṣọ́ ọ, tí ó ń sọ ohun tí ó lè ṣe àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Èyí tí ó ń dí ìpolówó ọjà lọ́nà jẹ́ àfikún. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó ń jẹ́ kí a lè tẹ àmì ohùn sórí lẹ́tà nínú búráúsà. Lónìí, àfòmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, àfikún ni ó kù. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pe méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ti ya ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-afarajorúkọ sọ́tọ̀, láti ọdún yìí wá tí a ti ń sọ ọ́.

Ohun tí ó pa àfòmọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Netscape gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ètò mìíràn fi lè so mọ́ búráúsà rẹ̀. Ojú-ewé ayélujára ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àti àwòrán lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn tàbí àwòrán tí ń rìn ní láti wá àfòmọ́. Flash jáde ní ọdún 1996, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Macromedia, ó sì di ti Adobe nígbà tí Adobe ra Macromedia ní ọdún 2005. Java, Silverlight àti Adobe Reader náà ní àfòmọ́ tiwọn. Microsoft kò dúró lórí ọ̀nà ti Netscape. Ó gbé tirẹ̀ tí ó pè ní ActiveX kalẹ̀ fún Internet Explorer. Ìdí nìyí tí Flash tí a fi sí Internet Explorer kì í fi í ṣiṣẹ́ nínú Firefox lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ohun tí ó ti da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú rí.

Agbára tí àfòmọ́ ní ni ó pa á. Nítorí pé búráúsà kò lè ṣọ́ ọ dáadáa, ẹni ibi tí ó bá rí ihò kan lára rẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kàn ṣí ojú-ewé lásán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Steve Jobs ti ilé-iṣẹ́ Apple kọ lẹ́tà gbangba nípa ìdí tí wọn kò fi ní gba Flash láàyè lórí fóònù wọn. Ó mẹ́nu ba àìláàbò yìí, ó sì mẹ́nu ba bátìrì tí Flash ń jẹ. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní HTML5 di èyí tí a fọwọ́ sí, búráúsà sì lè fúnra rẹ̀ gbé ohùn àti fídíò jáde láìwá àfòmọ́ kankan. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ń tì. Chrome yọ ọ̀nà àtijọ́ ti Netscape kúrò pátápátá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, Flash nìkan ni ó ṣì fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2017, Adobe fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò pa Flash. Ó pa á ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn Flash tí wọ́n ti fi ọjọ́ ikú sí nínú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí ohunkóhun.

Flash tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà wa ti pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi ọjọ́ ikú sí nínú lọ, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò mú ìsọdọ̀tun wá bá a. Ó ti lé ní ọdún kan tí Flash ti kú ní gbogbo ayé kí ìròyìn òkú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbéga sí Windows 10 ni ó sì gbé ìròyìn náà wá. Ìdí tí a fi ń ro gbogbo ìtàn yìí ni pé bí olùkọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, yóò máa dá ẹni tí ó ṣe ìgbéga lẹ́bi, tàbí kí ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá Windows 7 padà. Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ó ṣíwọ́ ti Windows 10 náà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tún kàn nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ sí Windows 11, tí kò ní Internet Explorer rárá. Níbẹ̀, ojú-ewé tí kò lè ṣe kí ó má lo ActiveX gbọ́dọ̀ gba inú Edge kọjá, ní ipò tí wọ́n ń pè ní IE mode. A kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lórí rẹ̀.

Ìwádìí kí a tó tún nǹkan ṣe

Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń tún nǹkan ṣe kí a tó mọ ohun tí ó bà jẹ́. Bí ojú-ewé kan kò bá ṣí dáadáa lẹ́yìn ìgbéga, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò ni aago kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, bátìrì kékeré tí ó ń tọ́jú aago lè ti kú, kí ẹ̀rọ náà sì máa rò pé ọdún tí wọ́n ṣe òun ni a ṣì wà. Búráúsà máa ń fi ọjọ́ orí aago yẹ ìwé ẹ̀rí ojú-ewé wò. Bí ọjọ́ kò bá bára mu, yóò kọ̀ láti ṣí i, olùkọ́ yóò sì rò pé àfikún ni ó bà jẹ́. A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí aago bá dára, kí a ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Nínú Chrome àti Edge, Ctrl, Shift àti N ni a ó tẹ̀ pọ̀. Nínú Firefox, Ctrl, Shift àti P ni. Nínú fèrèsé yìí, àfikún kì í ṣiṣẹ́ àyàfi èyí tí a bá dìídì fún láṣẹ. Bí ojú-ewé tí ó ń yọ wá lẹ́nu bá ṣí níbẹ̀ láìní wàhálà, àfikún kan ni ọ̀daràn, tàbí ohun àtijọ́ tí búráúsà tọ́jú pa mọ́ láti ìgbà tí ó ti ń ṣí ojú-ewé náà. Bí kò bá ṣí níbẹ̀ pẹ̀lú, kí a fi àfikún sílẹ̀ kí a wá ibòmíràn wò. Firefox tún ní ipò àyẹ̀wò kan tí a lè bá wọlé bí a bá di Shift mú nígbà tí a ń ṣí i, tí yóò pa gbogbo àfikún fún ìgbà náà nìkan.

Bí ó bá jẹ́ àfikún, èwo ni? Àwọn ènìyàn máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì pàdánù ìlànà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ nínú wọn. Ó sàn kí a pín in sí méjì. Kí a kọ chrome://extensions, tàbí edge://extensions, tàbí about:addons fún Firefox, sí ibi tí a máa ń kọ àdírẹ́sì sí. Gbogbo àfikún yóò tò síwájú wa. Bí mẹ́jọ bá wà níbẹ̀, kí a pa mẹ́rin. Bí ìṣòro náà bá lọ, ó wà nínú àwọn mẹ́rin tí a pa. Bí kò bá lọ, ó wà nínú mẹ́rin yòókù. Kí a tún pín mẹ́rin yẹn sí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni a ó ṣe èyí kí a tó mú un. A sábà máa ń rí i pé èyí tí ó ń fa wàhálà ni èyí tí ẹni tí ó ṣe é ti pa tì. Láti ọdún 2024 ni Chrome ti ń pa àwọn àfikún tí a kọ ní ìlànà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Manifest V2, ó sì parí iṣẹ́ náà ní ọdún 2025. Fún irú wọn, kò sí àtúnṣe kan tí olùkọ́ lè ṣe. Kí ó wá òmíràn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tàbí kí ó lo Firefox tí kò tẹ̀ lé Chrome nínú èyí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àfikún kò bà jẹ́, ó kàn sọnù ni. Bí ẹni tí ó ṣe ìgbéga bá gbé Windows tuntun kalẹ̀ láìtẹ̀ lé ti àtijọ́, búráúsà yóò bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun, láìsí àfikún, láìsí àdírẹ́sì tí a ti tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí kò bá fọ dísìkì náà, ohun àtijọ́ ṣì wà nínú fódà tí ó ń jẹ́ Windows.old, lábẹ́ Users. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Windows sábà máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbéga kí ó tó pa á rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mọ èyí, nítorí pé ìgbà ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣe ìgbéga, nígbà tí olùkọ́ yóò bá sì fi wọlé padà, ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Bí ojú-ewé kan bá sọ fún yín pé Flash yín ti pẹ́, kí ẹ tẹ ibí kí ẹ gba tuntun, olè ni. Adobe kò pín Flash fún ará ìlú mọ́ láti ìparí ọdún 2020. Ohun tí ẹ bá gbà wọlé níbẹ̀, ohun tí yóò ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ni.

Bí a ṣe gba ohùn àwọn àgbà padà

Nígbà tí a ti mọ̀ pé fáìlì wa kò bà jẹ́, ohun tí ó kù ni láti wá ẹlòmíràn tí yóò kà á. Orúkọ tí ó kẹ́yìn fáìlì Flash ni .swf, mẹ́rìnlélógún ni tiwa, wọ́n sì pé. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn sórí fìláàṣì méjì, a sì fi ọ̀kan pa mọ́ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ Ruffle, tí ó ń ṣe bí Flash láìjẹ́ Flash. Àwọn ilé ìkówèésí orí ayélujára tí ń jẹ́ Internet Archive ti ń lò ó láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 láti fi tọ́jú àwọn iṣẹ́ Flash àtijọ́. A lè lò ó gẹ́gẹ́ bí àfikún nínú búráúsà, a sì lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ètò tí ó dá dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó fi ọjọ́ méjì dá wa dúró ni pé ẹ̀kọ́ wa kò sí lórí ayélujára, orí dísìkì ni ó wà, búráúsà kì í sì í jẹ́ kí àfikún fọwọ́ kan fáìlì orí dísìkì àfi bí a bá gbà á láàyè. Nínú Chrome àti Edge, a gbọ́dọ̀ ṣí àlàyé Ruffle ní ojú-ewé àfikún, kí a sì tan ibi tí ó sọ pé Allow access to file URLs. Nígbà tí a tan án, ojú-ewé mọ́kàndínlógún ṣí lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà sì sáré wọlé wá wo ẹni tí ó dé.

Márùn-ún kò ṣí, ti bàbá ọdẹ sì wà nínú wọn. Ìdí ni pé èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ sínú Flash kì í ṣe ọ̀kan. Ruffle mọ ActionScript 1 àti 2 dáadáa. ActionScript 3 ni kò tíì mọ̀ tán, òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì lò fún ojú-ewé márùn-ún tí ó ṣe kẹ́yìn. Fún ìwọ̀nyí, a lo ètò mìíràn tí ó ń jẹ́ JPEXS Free Flash Decompiler. Ètò yìí kì í gbìyànjú láti mú ẹ̀kọ́ náà rìn. Ó máa ń tú u palẹ̀ ni, bí ẹni ń tú ẹrù, tí yóò sì to ohùn sọ́tọ̀, àwòrán sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. A yan ohùn, a sì kó wọn jáde sí MP3. Ìjálá bàbá ọdẹ jáde ní odindi. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni a kò rí ohùn inú rẹ̀, nítorí pé wọn kò fi ohùn náà sínú .swf fúnra rẹ̀. Fáìlì mìíràn ni ó ń lọ mú un wá, fáìlì ọ̀hún ni a kò sì rí mọ́. Àlọ́ àpamọ̀ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀. A mọ ìyá tí ó pa wọ́n, ó ṣì wà láàyè, a sì ti tún lọ gbà wọ́n.

Ní báyìí, a ti fi HTML5 tún ojú-ewé wọ̀nyí ṣe. Kò gba ọgbọ́n púpọ̀: ohùn MP3, àwòrán, ọ̀rọ̀, àti àṣẹ kúkúrú kan tí ó ń sọ fún búráúsà pé kí ó gbé ohùn jáde. Ẹwà rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àfòmọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí a ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan àfòmọ́

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa tí a ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò tí a sì ń máàkì rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéga, olùkọ́ lè rí i pé àmì ohùn inú iṣẹ́ rẹ̀ ti dàrú, kí ó sì máa wá àfikún tí ó bà jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, fọ́ńtì ni. Kí lẹ́tà Yorùbá tó ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà Unicode, àwọn kan máa ń ṣe fọ́ńtì tí wọ́n fi ya ẹ́ tàbí ọ̀ sórí nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti àmì mìíràn. Bí fọ́ńtì náà kò bá bá kọ̀ǹpútà dé orí Windows tuntun, àmì tí ó ni nọ́ńbà yẹn gan-an ni yóò hàn, gbólóhùn yóò sì di gánrangànran. Bí a bá wá fọ́ńtì náà padà, ọ̀rọ̀ yóò ṣeé kà, ṣùgbọ́n ìwòsàn tòótọ́ ni kí a tún un tẹ̀ ní Unicode. Ìwé ìbéèrè tí igba, igbá, ìgbà àti igbà di ohun kan náà nínú rẹ̀ kò ṣeé gbé síwájú ọmọ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó ṣòro jù kì í hàn sójú. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, á àti à pẹ̀lú ní. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè kọ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta lè kọ e lásán, kí ó fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ojú ènìyàn kò lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́ yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n.

A máa ń ṣe ìdánwò kékeré nínú búráúsà fún SS 1, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti tẹ ìdáhùn fúnra rẹ̀, tí ojú-ewé yóò sì máàkì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àfikún kan ni a fi ń tẹ àmì ohùn. Lẹ́yìn ìgbéga, àfikún náà sọnù lórí kọ̀ǹpútà méjì, àwọn ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ sì lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó bá Windows wá. Ọmọbìnrin kan tí kì í kùnà nínú àmì ohùn gba òdo nínú mẹ́wàá. Ó sunkún. Mo wo ìdáhùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó tọ̀nà. Mo tún un tẹ̀ fúnra mi lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ojú-ewé sì gbà á. Ìtò àmì lábẹ́ lẹ́tà ni ó yàtọ̀. Àṣẹ kan wà nínú èdè JavaScript tí a ń pè ní normalize, tí ó ń sọ gbogbo ìtò wọ̀nyí di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ẹni tí ó bá ń ṣe ojú-ewé ìdánwò fún wa gbọ́dọ̀ fi í sí ara ìdáhùn tiwa àti ti akẹ́kọ̀ọ́. A fi í sí tiwa lọ́jọ́ kejì, a tún gbogbo ìdáhùn àwọn ọmọ tí ó lo kọ̀ǹpútà méjèèjì náà máàkì, ọmọbìnrin náà sì gba mẹ́sàn-án.